Ọwọ́ Tó Kan Ẹ̀ṣọ́ Léjìká

Owú ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin náà. Kí ìfẹ́ tó kanlẹ̀kùn rárá, owú ti wọlé, ó ti bọ́ bàtà, ó ti jókòó.

Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, èmi náà ni mo sì ṣe alárinà wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bá mi ránṣọ. Abẹ́rẹ́ là ń pè é, torí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó mọ iṣẹ́ débi pé tó bá wo ojú rírán kan, á sọ fún ọ bóyá ẹni tó rán an ń kánjú ni tàbí ó ń tòògbé.

Ọkùnrin náà jẹ́ ẹ̀ṣọ́ nínú igbó ìjọba tó wà lórí òkè, níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo àwọn ẹranko, tí àwọn èèyàn sì máa ń gòkè lọ wo ọ̀gbun àti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Ẹ̀ṣọ́ làwa náà ń pè é. Ó kọ́kọ́ gbé ṣòkòtò iṣẹ́ kan wá tí ẹ̀gún fà ya lórúnkún. Abẹ́rẹ́ rán an. Ó tún gbé òmíràn wá. Nígbà tó yá, mo rí i pé orúnkún ọkùnrin yìí ń ya ju ti ọmọ tó ń rákòrò lọ.

"Bọ̀dá Ẹ̀ṣọ́," mo ní, "ṣé orúnkún lẹ fi ń ṣọ́ igbó ọ̀hún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, igbó yẹn le ni o."

Á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, á máa sọ̀tàn. Ó ní láàárọ̀, ìkùukùu máa ń bo ilẹ̀ débi pé ìwo àwọn ẹfọ̀n nìkan lèèyàn máa rí tó ń kọjá. Ó ní àwọn ẹdun máa ń fò kọjá lórí ọ̀gbun, tọmọtọmọ láyà. Abẹ́rẹ́ á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀wù iṣẹ́ kan wá pé kí a bá òun pààrọ̀ bọ́tìnì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì lọ sí èjìká. Ibẹ̀ ti ya rí, ẹnì kan sì ti rán an pẹ̀lú okùn tín-ín-rín tí wọ́n fi ń pẹja.

"Ta ló rán èyí?" ó béèrè.

"Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Oníbàtà là ń pè é."

"Ọkùnrin ni?"

"Obìnrin ni. Bàtà ẹ̀ ló tóbi."

Abẹ́rẹ́ mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ẹ̀ṣọ́ ní, "Ẹ fi í lẹ̀ jàre, ó ṣì lágbára."

"Mo rí i pé ó lágbára," ni Abẹ́rẹ́ fi dá a lóhùn, ó sì ń tú u lọ. "Ṣé ẹ bọ́ ọ kó tó rán an, àbí ọrùn yín ló wà?"

"Ọrùn mi ló wà. Òjò ń rọ̀, ta ló fẹ́ bọ́ra?"

Abẹ́rẹ́ tú gbogbo okùn náà tán, ó fi òwú tiwa tún un rán, ó lọ̀ ọ́, ó ká a. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán ló tó yíjú sí mi.

"Àǹtí, èèyàn ò lè rán èjìká báyẹn tí kò bá sún mọ́ ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Èémí wọn á máa kan ara wọn ni."

"Ṣé o fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo ń sọ."

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ò jẹ́ kó jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, Abẹ́rẹ́ àti Ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra. Nígbà tó di pé Ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mọ ilé, èmi ló rán sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ bá a ní kíṣínì, ó ń ṣa ẹ̀wà, Abẹ́rẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ ohun gbogbo tí alárinà ń sọ: pé ọmọlúàbí ni, pé kì í mutí, pé ó ní sùúrù. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú sókè.

"Níbo ló ń sùn?" ó béèrè.

"Tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní yàrá lórí òkè níbẹ̀."

"Bàbá ọmọ yìí náà ń sùn síta nítorí iṣẹ́." Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú. "Ṣé ẹ ti gbàgbé àwọn ọmọ tó wá síbi òkú rẹ̀ tí wọ́n jọ ọ́ bí ìmumu? Èmi ò mọ ìkankan nínú wọn rí. Abẹ́rẹ́, ta ni òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń ṣọ́ igbó ọ̀hún?"

Ọmọ náà wojú mi.

"Mo bi ọ́."

"Obìnrin kan ni, Mọ́mì."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Àbúrò mi, lọ sọ fún un pé mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fọ́kọ."

Bí mo ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà fún Ẹ̀ṣọ́, ojú rẹ̀ fà ro, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó ní kí èmi àti Abẹ́rẹ́ wá wo ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ fúnra wa, ká lè rí ohun tí a máa sọ nílé. Mo gbà. Ẹsẹ̀ ń dùn mí nígbà náà, mi ò sì fẹ́ràn òkè, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá jẹ́ kí ọmọ yẹn dá lọ, ó máa lọ bá obìnrin kan jà lórí àpáta.

Ibẹ̀ tutù. Igi ibẹ̀ hu irùngbọ̀n, gbogbo ara wọn ló hu koríko. A dúró létí ọ̀gbun, mo wolẹ̀, mo sì tètè wòkè pa dà, torí odò tó wà nísàlẹ̀ kò ju okùn lọ lójú mi. Idì kan ń rà bàbà lókè nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa, àbí kí ni kí n pè é, ẹyẹ tó ń fò lókè tí èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i.

Oníbàtà wá pàdé wa. Ó ga, ojú rẹ̀ tutù, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. Kò rẹwà bí Abẹ́rẹ́ ṣe ń bẹ̀rù, ìyẹn ló sì burú jù. Ká ní ó rẹwà ni, ọmọ náà ì bá mọ ohun tó máa bá jà. Èèyàn dáadáa ló bá pàdé, kò sì mọ ibi tó máa gbá a mú.

A ń lọ nínú igbó, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjèèjì ṣíwájú. Tí ọkùnrin bá gbé ìka kan sókè, obìnrin á dúró, ẹtu kan á sì yọjú níwájú. Tí obìnrin bá yí ọrùn díẹ̀, ọkùnrin á yà sí ọ̀tún. Wọn ò wo ojú ara wọn.

"Àǹtí," Abẹ́rẹ́ sọ sí mi létí, "tọkọtaya tó ti pẹ́ nílé kan náà ló ń ṣe báyẹn."

"Àwọn ẹranko lo wá wò o."

"Mo ń wò wọ́n."

Kí a tó dé ẹ̀yìn ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà, Ẹ̀ṣọ́ dá wa dúró. "Ẹ gbọ́ o. Tí a bá dé ẹ̀yìn omi yẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn ẹnìkejì. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ yẹ àtẹ̀gùn wò, torí ó máa ń yọ̀. Oníbàtà á wà lẹ́yìn mi, á so okùn mi mọ́ àpáta. Tí okùn náà bá ti le dáadáa, á fọwọ́ kàn mí léjìká lẹ́ẹ̀mejì, èmi á sì gbára lé okùn. Mi ò kì í wẹ̀yìn, omi ò ní jẹ́ kí n ríran. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn mí níbẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ wọ etí mi. Abẹ́rẹ́ ò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lọ. Èjìká ẹ̀wù ọkùnrin náà ló ń wò. Ojú rírán tiwa ti já níbẹ̀, wọ́n sì ti tún fi okùn ìpẹja rán an.

Nígbà tí a dé ẹ̀yìn omi, ariwo náà wọ inú egungun mi. Àpáta tóóró la dúró lé, omi ń ṣubú níwájú wa, ọ̀rinrin ń ta sí wa lójú. Ẹ̀ṣọ́ dúró létí ibi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Oníbàtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí àpáta kan, ó ń yí okùn ká a, òun náà kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó gbé ẹsẹ̀ síwájú. Mo na ọwọ́, mi ò bá a. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ojú rírán yẹn gan-an, ó sì fi kan èjìká ọkùnrin náà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó fẹ́ kó yíjú pa dà, kó rẹ́rìn-ín sí òun lójú obìnrin yẹn ni.

Ọkùnrin náà ò yíjú pa dà. Ó gbára lé okùn, ó sì lọ.

Okùn náà ń sáré jáde lọ́wọ́ Oníbàtà. Ó dì í mú, ó ń fà á lọ, kò jù ú sílẹ̀. Nígbà tí okùn tó dúró, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, Ẹ̀ṣọ́ sì wà lórí àpáta kan nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ká ní ó tú ọwọ́ ni, ìtàn òkú ni ǹ bá máa sọ.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ wá, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Ẹ̀ṣọ́ sì sọ òótọ́ tó mọ̀: wọ́n fọwọ́ kan òun léjìká lẹ́ẹ̀mejì, òun sì lọ. Oníbàtà ní òun ò tíì fọwọ́ kàn án. Ta ló máa gbà á gbọ́? Wọ́n ní kó lọ sílé, kó má pa dà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo fa Abẹ́rẹ́ wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. "Mo rí ọ," mo ní.

Ó bú sẹ́kún. "Mi ò mọ̀, Àǹtí. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Wá lọ sọ ọ́."

"Tí mo bá sọ ọ́, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Kò ní fẹ́ mi mọ́, obìnrin yẹn á sì kù sí i lọ́dọ̀."

"Tó ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó ti ẹnu rẹ jáde."

Ohun tó tún wá dán ọmọ náà wò ni pé gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rí bó ṣe fẹ́. Ẹ̀ṣọ́ sọ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì pé òun ò ní pa dà sínú igbó mọ́, pé wọ́n máa fi òun sí ọ́fíìsì nísàlẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ Oníbàtà ló lè ṣe irú èyí sí òun, òun ò mọ ọwọ́ tí òun tún lè fọkàn tán. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó ní tó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì ni, tí obìnrin náà sì ti lọ, òun lè tún ọ̀rọ̀ náà rò. Kí lèèyàn tún ń fẹ́? Àmọ́ nígbà tí Abẹ́rẹ́ dé láti ilé ìwòsàn, inú ló ń bí i.

"Obìnrin yẹn ló ń dùn ún," ó ní. "Ẹsẹ̀ ò dùn ún tó o."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi tépù ìwọnṣọ nà án.

Ọ̀sán kan ni Oníbàtà wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti fi aṣọ funfun wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó kí mi, ó gbé ẹ̀wù Ẹ̀ṣọ́ sórí tábìlì, èyí tó ya yánnayànna lọ́jọ́ tó ṣubú.

"Mi ò lè rán an," ó sọ fún Abẹ́rẹ́. "Mo sì mọ̀ pé o máa ń tú tèmi. Ọ̀rinrin ibẹ̀ ló ń jẹ òwú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo okùn ìpẹja. Mo ní kí n tètè sọ ọ́ fún ọ kí n tó lọ."

Abẹ́rẹ́ ò gbójú sókè. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń lọ.

"Ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀," Oníbàtà tún ní. "Mo fẹ́ bi yín ni. Ṣé mo fọwọ́ kàn án? Ẹ̀ṣọ́ kì í parọ́. Ó ní òun mọ̀ ọ́n lára. Mo ti rò ó títí. Bóyá mo fọwọ́ kàn án tí mi ò mọ̀. Mi ò gbára lé ọwọ́ mi mọ́, Àǹtí. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn báyìí, mo máa pa dà lọ wò ó bóyá mo tì í lóòótọ́."

Ẹ̀rọ Abẹ́rẹ́ dúró. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun ni, ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Mo la ẹnu tán láti sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Èmi ni."

Oníbàtà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá mí kanlẹ̀.

"Kí ló dé?" ó béèrè.

"Owú ni."

"Owú ta?"

"Tìrẹ."

"Èmi?" Ó yí sí mi bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. "Àǹtí, láti àárọ̀ títí a ó fi dé ìbùdó, ọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́ ni mò ń gbọ́ lẹ́nu Ẹ̀ṣọ́. Abẹ́rẹ́ sọ báyìí, Abẹ́rẹ́ fojú ṣe báyìí. Àwọn ẹfọ̀n gan-an ti mọ orúkọ ẹ. Tó bá jẹ́ pé ó yẹ kí ẹnì kan jowú, etí mi ló yẹ kó jowú àwọn tí kò bá a rìn." Ó dìde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, inú sì ń bí i gan-an. "O jẹ́ kí n máa rò pé mo pa èèyàn. Mi ò mọ ìgbà tí mo máa dárí ìyẹn jì ọ́."

Abẹ́rẹ́ ní kò burú. Lọ́jọ́ náà ló lọ sí ilé ìwòsàn, èmi tẹ̀ lé e. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ẹ̀ṣọ́ gbọ́ ọ tán, ohun tó sì kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé Oníbàtà ti gbọ́?" Mo rí i bó ṣe gún ọmọ náà lọ́kàn, kódà nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Lọ sọ fún ọ̀gá wa," ni Ẹ̀ṣọ́ wí. "Lẹ́yìn náà, máa lọ sílé. Mi ò lè bá ọ sọ̀rọ̀."

Ó lọ sọ fún ọ̀gá. Wọ́n pe Oníbàtà pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ò tẹsẹ̀ bọ ṣọ́ọ̀bù wa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ọlọ́run ló yọ ọmọ òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹkún Abẹ́rẹ́ ní kíṣínì wá pọ̀ jù, ó pè é jókòó, èmi náà wà níbẹ̀.

"Ta ló fi dandan mú ọ kó o tó sọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó fi dandan mú mi, Mọ́mì."

"O sì mọ̀ pé o máa pàdánù rẹ̀?"

"Mo mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ nu tábìlì tí kò ní ìdọ̀tí kankan. "Bàbá ẹ ò sọ ọ́ fún mi títí tó fi kú," ó ní.

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà, Ẹ̀ṣọ́ ló wọlé. Ó gbé ṣòkòtò kan sílẹ̀ níwájú Abẹ́rẹ́, ó ya lórúnkún. Ọmọ náà wò ó, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Sísọ́ọ̀sì ló gé èyí," ó ní. "Ẹ̀gún kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò sì mọ̀ ọ́n gé."

"Mo mọ̀." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ àtijọ́. "Mo bínú sí ọ títí ó fi rẹ̀ mí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé tí nǹkan bá ń dùn ọ́ lọ́kàn, ṣé wà á máa bi mí?"

"Màá máa bi ọ́. Ó lè pọ̀ o. Ó lè sú ọ."

"Kó sú mi."

Ó ní òun ń pa dà sínú igbó, òun ò lè jókòó sí ọ́fíìsì. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun pe ẹ̀gbọ́n mi, kí gbogbo wa jọ gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi gbà láti lọ, torí pé ó fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí obìnrin oníbàtà yẹn. Nígbà tó rí i, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó wo àpá tó wà nínú wọn, kò sì yára fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ tún dá wa dúró kí a tó dé ẹ̀yìn omi, ó tún ṣàlàyé bó ṣe máa ń ṣàlàyé. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wa la gbọ́.

Ó lọ dúró létí àtẹ̀gùn, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Oníbàtà so okùn náà mọ́ àpáta. Dípò kó lọ fọwọ́ kàn án, ó dìde, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi orí pe Abẹ́rẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sídìí okùn. Ó fà á, ó tún fà á, ó fi ìka tọ gbogbo ibi tó ti yí ká bó ṣe máa ń tọ ojú rírán. Ó wo Oníbàtà. Oníbàtà ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mi orí sí i. Ní gbogbo àkókò yìí, Ẹ̀ṣọ́ ò wẹ̀yìn.

Abẹ́rẹ́ dìde. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọkùnrin náà, lórí okùn ìpẹja tí òun fúnra rẹ̀ fi rán ẹ̀wù náà, ó sì kàn án lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀ṣọ́ gbára lé okùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Mo ń wò ó lọ nígbà tí ọwọ́ kan bà mí lára. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró lẹ́yìn mi, omi ti rẹ gèlè rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ ká ní ó sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, èmi alárinà, lẹ́ẹ̀mejì.